Ọkọ̀ Họ́láńdì àti Etí Mi

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà títí dòní, kó ṣáà bú bàálù Họ́láńdì lójú mi. Mo ti fara da nǹkan púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tí kò wa bàálù rí jókòó síwájú mi, kó máa ní èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ló dára jù nítorí pé ó yára, ìyẹn a máa mú mi dìde lórí àga. Ìyàwó mi ní kì í ṣe ìwà àgbàlagbà. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí owó epo dé, awakọ̀ òfurufú ni mí, Ẹgbẹ́dá ni mo sì kọ́lé sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́lé sí Ìkẹjà àti Súrùlérè, wọ́n ní kí ni mo ń wá lọ sínú igbó. Lóòótọ́, igbó ni. Ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé mi, ẹ̀gẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà Ìpájà sì kún fún ihò débi pé dírẹ́bà tí ilé iṣẹ́ máa ń rán wá gbé mi á ti máa ráhùn kó tó pa ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n òkè Ẹgbẹ́dá ni bàálù máa ń gbà kọjá nígbà tó bá fẹ́ yí padà lọ balẹ̀ sí Ìkẹjà, mo sì fẹ́ máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, kí n máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo máa ń fún wọn ní máàkì. Èyí pẹ́ kó tó yí. Èyí ti tètè sọ ẹsẹ̀ bàálù sílẹ̀ jù. Ìyàwó mi á ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ sinmi.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ìpájà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kì í gbé ohùn sókè sí ọmọ ilé ìwé, kì í gbé e sókè sí mi. Nígbà tí àwa méjèèjì bá ń jẹun lálẹ́, òun ni mo máa ń wò, kì í ṣe oúnjẹ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń gbé ní Ìkòtún. Awakọ̀ òfurufú lòun náà, ṣùgbọ́n mo ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n fi í sí nínú bàálù Họ́láńdì, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé e sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi ra jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì mú un lọ síbẹ̀. Àtìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí iṣẹ́ kò bá pè wá, á wá láti Ìkòtún, a ó gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ó kọjú síra wa, ó di kí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó ń pè mí ní ọ̀gá, “ẹ” ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà kò dé orí bàálù mi.

“Ọ̀gá mi, ẹ̀rọ ìlọta méjì ni wọ́n so mọ́ apá bàálù yín yẹn jàre,” á ní. “Kí ẹ tó dé Kánò, èmi ti lọ, mo ti bọ̀, mo ti jẹun tán.”

“Tí wọ́n bá wá ní kó o lọ balẹ̀ sórí pápá tí wọn ò da ọ̀dà sí ńkọ́?”

“Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi tí ọ̀dà ò sí?”

“Ṣé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn ni?”

“Èèyàn ni wọ́n, ọ̀gá. Kí wọ́n wọ mọ́tò.”

Ohun tí à ń jà lé lórí nìyí. Àwọn ará Họ́láńdì gbé apá bàálù tiwọn sókè, ó wà lórí ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, èrò inú rẹ̀ á máa rí ilẹ̀ láti ojú fèrèsé: á rí odò, á rí òrùlé páànù, á rí ẹni tó ń kọ ebè. Abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì ló ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì le, pápá kúkurú tó o ni, kódà bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ yangí. Sùúrù rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Tí o bá ṣe àṣìṣe, á jẹ́ kí o mọ̀, á sì fún ọ láyè láti tún un ṣe. Mo gbà pé kí àwọn tó ṣe é tó fọwọ́ kan irin, wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò béèrè ọ̀nà. Wọ́n ní kí ìwọ lọ ṣe ọ̀nà. Títì gígùn ni jẹ́ẹ̀tì tiwọn ń fẹ́, ọ̀dà tó dán. Apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì sì há sábẹ́ apá bí ẹni tó há ìwé ìròyìn mọ́ abíyá. O gbọ́dọ̀ ti ro ohun tí o fẹ́ ṣe tipẹ́tipẹ́, nítorí bí o bá dúró dìgbà tí o bá rí i, o ti kọjá rẹ̀. Wíìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀ tó máa ń dédé yí fúnra rẹ̀, tí á máa dún gbà-gbà-gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òun rò pé nǹkan ti já. Ṣùgbọ́n tí ó bá fẹ́ gbéra, ẹ̀yìn rẹ á lẹ̀ mọ́ àga, ilẹ̀ á sì bọ́ lọ kúrò lábẹ́ rẹ. Irin tó dáa ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò kàn ní sọ ọ́ létí ọ̀rẹ́ mi ni.

Nígbà náà, ẹni gbogbo ló ń wọ bàálù. Àwọn kọngílá, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé báàgì pẹlẹbẹ, àwọn ìyá oníṣòwò, àwọn tó ń lọ kí àbúrò ní Kàdúná kí wọ́n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò sí nọ́ḿbà lórí àga, nítorí náà wọ́n á sáré la pápá já, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, kí wọ́n lè jókòó síwájú. Ó wá di pé tí wọ́n bá jáde, tí wọ́n rí i pé bàálù mi ló ń dúró dè wọ́n, ìṣísẹ̀ wọn á falẹ̀. Onífáànù ni wọ́n ń pè é. “Onífáànù ni wọ́n gbé fún wa lónìí,” obìnrin kan sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi fáànù náà síbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá àwa awakọ̀ pè mí. Ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ ta àwọn onífáànù díẹ̀díẹ̀, pé kí n múra láti lọ kọ́ jẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, tí dókítà bá ti yẹ ara mi wò tán. Kí n má purọ́, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé n kò rí oorun sùn. Mo ti lé lógójì ọdún, tí n kò bá lọ lọ́dún náà, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni yóò gba ojú ọ̀run mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

“Ẹ ti gbà nìyẹn, ọ̀gá.”

“N kò gba nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni.”

Dókítà yẹ ojú mi wò, ó yẹ àyà mi wò, ó ní mo le ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ. Ó wá mú mi wọ yàrá kótópó kan, ó dé nǹkan mọ́ etí mi méjèèjì, ó fún mi ní bọ́tìnnì kan, ó ní nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ fèrè, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ àwọn fèrè tó dún wúwo níbẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mo rò pé ó ń tún ẹ̀rọ náà tò. Mo dúró, mo fọwọ́ lé bọ́tìnnì, mo ń retí kó máa bá iṣẹ́ lọ. Dókítà ló ṣílẹ̀kùn, ó ní ó ti parí.

Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn ohùn tó tínrín ti lọ, ó ní, àwọn tó wúwo ṣì wà. Ó bi mí bóyá mo máa ń di etí nígbà tí mo bá dúró sí ìdí bàálù lórí pápá. N kò dì í rí. Igbe tí ẹ̀rọ náà máa ń ké lórí ilẹ̀, igbe tínínrín tó máa ń mú àwọn yòókù bo etí, èmi máa ń dúró gbọ́ ọ ni, torí igbe náà ni mo fi máa ń mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá. Kí ẹ má ro pé mo fẹ́ bú àwọn ará Họ́láńdì o. Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ó ṣe mí láǹfààní pé mo rí ẹlòmíràn bú. Dókítà ní kí n lọ sinmi, kí n padà wá tí oṣù bá parí, bóyá yóò sàn díẹ̀.

Mo délé pẹ̀lú ìbínú. Mo ní ẹ̀rọ dókítà ló bàjẹ́. Ṣé n kì í gbọ́ ìyàwó mi ni? Ṣé n kì í bá ọ̀rẹ́ mi jiyàn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú?  Ìyàwó mi palẹ̀ abọ́ mọ́, ó gbé bébà àti pẹ́ńsù síwájú mi, ó ní òun fẹ́ pe àpèkọ fún mi bí òun ṣe ń pè é fún àwọn ọmọ ilé ìwé òun. Ó lọ dúró sẹ́yìn àga mi, níbi tí n kò ti lè rí i. Ó ń pè é pẹ̀lú ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn, mo ń kọ ọ́, mo sì ń fi àmì sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Inú mi dùn. Mo ní kó tẹ̀síwájú, pé iṣẹ́ ọmọdé nìyí.

Ó mú bébà náà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Àmì orí wọn pé,” ó ní. “Ẹ ò ṣi ẹyọ kan.”

“Mo kúkú sọ fún ẹ.”

Ó jókòó síwájú mi, ó yí bébà náà sí mi. “Mo pe ẹ̀fọ́, ẹ kọ ẹ̀ṣọ́. Mo ní ó fọ́, ẹ kọ ó ṣọ́.” Ó fi ìka lé èyí tó kẹ́yìn. “Mo pe ìfẹ́, ẹ kọ ìṣẹ́.”

Mo wo bébà náà. Gbogbo àmì ló dúró síbi tó yẹ kó wà, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ wọn kì í sì í ṣe ohun tó sọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́, orin ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Èdè wa ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn ìyẹn sì wúwo tó fún etí mi. Tí mo bá ti gbọ́ orin náà, tí mo wo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́, tí mo sì mọ ohun tí à ń sọ bọ̀, ọ̀rọ̀ náà á pé. Òyìnbó tí àwọn tó wà nílé-ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú ń sọ sí wa létí kò ní irú orin bẹ́ẹ̀, kò sì ní ẹnu tí mo lè wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bú rédíò láti bí ọdún méjì, tí igbákejì mi á sì ti dá wọn lóhùn kí n tó béèrè pé kí ni wọ́n wí. Yorùbá ń tọ́jú mi nílé, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ń ṣàìsàn.

Ìyàwó mi ti ń sunkún nígbà náà. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé ẹ máa ń wo ẹnu mi,” ó ní. “Mo rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni.”

Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà náà, bí àwáwí ló ṣe dún.

Oṣù parí, mo padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, fèrè náà tún dákẹ́ sí mi létí. Kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n gba onífáànù náà pẹ̀lú. Wọ́n fún mi ní tábìlì kan ní ọ́fíìsì, pé kí n máa la ìwé àwọn ará Họ́láńdì yé àwọn ọmọ tuntun, ìwé bàálù tí wọ́n fẹ́ tà. Ọkàn mi bàjẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, jẹ́ẹ̀tì á kọjá, mo ń gbọ́ ọ, ó wúwo bí àrá. Onífáànù á kọjá, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n igbe tínínrín yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣáájú àpèkọ yẹn, mo tilẹ̀ ti ń yin àwọn mẹkáníìkì pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà pé nǹkan kan ṣe mí. A ṣì ń jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ojú kojú, à ń bú bàálù ara wa, mo ń dá a lóhùn ní kíá. “Ọ̀gá, etí yín ò ṣe nǹkan kan,” á ní. “Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ni.” Mo fẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi nìkan ló kù tí mo ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀ ní Kánò. Ọ̀rẹ́ mi ti di ọ̀gá awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ó sì rí i pé òun ló wa bàálù ọjọ́ náà. Èmi kì í bá èèyàn sáré lórí pápá, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá la rí jókòó sí, níbi tí ariwo ẹ̀rọ pọ̀ sí. Ó gbéra dáadáa. Mo fún un ní máàkì nínú ọkàn mi, mo sì ń ronú pé èmi ni ìbá wà lórí àga yẹn. Lẹ́yìn tí a gòkè tán, ohùn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lókè orí wa. Ó sọ Òyìnbó díẹ̀, ó wá yí padà sí Yorùbá. Mo gbọ́ orin rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ohun tí awakọ̀ máa ń sọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, pé kí èrò má tíì tú bẹ́líìtì, èmi náà ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Mo tẹrí ba, mo fa bẹ́líìtì mi kó le dáadáa.

Nígbà tí mo gbórí sókè, gbogbo èrò ló ti yíjú sí ẹ̀yìn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó wọ agbádá na ọwọ́ sí mi láti ìjókòó iwájú. Mo wo àyà ẹ̀wù mi bóyá nǹkan kan ló dà sí i. Mo yíjú sí ìyàwó mi kó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún, n kò sì rí ohun tó ń sọ lábẹ́ ọwọ́ náà. Mo mi orí sí bàbá náà. Mo tún fa bẹ́líìtì mi.

Ní Kánò, ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó kàn wá, kò rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, mo rò pé ẹ máa dìde,” ó ní. “Wọ́n ní ńṣe lẹ tẹrí ba tí ẹ ń di bẹ́líìtì.”

“Kí lo sọ tí mo fi máa dìde?”

Ó wò mí. Ó wo ìyàwó mi. Mo rí i nígbà tí ó yé e, ojú rẹ̀ ṣá bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣàdédé rántí òkú. Ó sún mọ́ mi, ó fi ẹnu sí etí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ sí mi lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, àwọn èrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàálù mìíràn ń bú ramúramù lẹ́yìn. Bó ṣe fi ẹnu sí etí mi, n kò rí ẹnu náà. Mo ní mo gbọ́.

Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi nílé bàbá rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń jà lórí bàálù Họ́láńdì àti ti Amẹ́ríkà, pé òun ti wa méjèèjì báyìí, òun sì fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé ọ̀gá òun ló jàre. Ó ní kí wọ́n bá òun kí i. Mo ní kí ìyàwó mi tún un sọ, ó tún un sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wa, ọ̀rẹ́ mi wá láti Ìkòtún. A gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo bú ẹ̀rọ rẹ̀, mo bú wíìlì tó ń yí fúnra rẹ̀, mo bú àwọn tó ṣe é àti ìyá tó bí wọn, mo ń dúró kó bínú. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó la ẹnu gbàràgàdà bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ ọdún kan lọ́rọ̀, ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá mi.”